Kọ́kọ́rọ́ Dátsun

Ògiri ilé Alhaja Ràbíátù ló kọ́kọ́ tú àṣírí.
Funfun ni wọ́n kùn ún lọ́dún Iléyá,
ni ìlà búlúù kan bá gba ara rẹ̀ kọjá, ó gùn tó apá ọmọdé,
àwọ̀ Dátsun bàbá mi gẹ́lẹ́.
Bàbá ní, "Ẹni tó mọ ògiri yẹn ló mọ ọ́n sójú ọ̀nà."
Ó ti tó ogójì ọdún tí ògiri ti wà níbẹ̀.

Bàbá mi ti ń kó ẹja láti Ẹ̀pẹ́ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde
kí wọ́n tó da ọ̀dà sí títì.
Ó mọ kòtò ọ̀nà Pọ́kà lọ́kọ̀ọ̀kan
bí tíṣà ṣe ń mọ ọmọ kíláàsì rẹ̀.
Kò gbá nǹkan kan rí,
àfi ewúrẹ́ kan lọ́dún tí wọ́n bí mi.
Ó sanwó rẹ̀. Kì í fẹ́ ká sọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi Múrítàlá pè láti Ìbàdàn:
"Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yẹn kó tó pa ọmọ ọlọ́mọ."
Òótọ́ ni. Òótọ́ náà sì korò.
Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé e lọ kí Jímọ̀?
Ta ni yóò gbé e dé ibojì ìyá mi láràárọ̀ Alàmísì?
Múrítàlá wà ní Ìbàdàn.
Eegun ìbàdí bàbá ti kọ ọ̀kadà.
Ẹni tí a gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀,
a ti tì í mọ́lé náà nìyẹn.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, iná ti lọ, mo jókòó tì í.
N ò mẹ́nu ba ògiri.
Mo ní, "Bàbá, ìgbà wo ni títì máa ń le fún yín?"
Ó dákẹ́ títí ẹ̀fọn fi mu ẹ̀jẹ̀ wa yó.
"Tílẹ̀ bá ti ṣú.
Iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ á fọ́ sí mi lójú bí ẹyin adìyẹ,
n ò ní rí títì mọ́, funfun nìkan.
Ọrùn mi náà ò yí dáadáa.
Ohun tó bá wà lẹ́yìn mi, Àwẹ̀ró,
àdúrà ni mo fi ń wò ó."

A lọ sí ọsibítù ìjọba.
Bàbá ka ìlà mẹ́ta lára pátákó lẹ́tà,
ó fẹ́ fọgbọ́n ka ìkẹrin.
"Bàbá, ẹ̀ ń méfò," ni nọ́ọ̀sì wí.
Ó rẹ́rìn-ín, àkọ́kọ́ lóṣù yẹn.
Wọ́n fún un ní gíláàsì tuntun,
wọ́n ní oògùn ikọ́ tó ń mu láàárọ̀, oorun ló kún inú rẹ̀,
kó má mu ún kó tó dìde sọ́kọ̀.
Fásásì mẹkáníìkì so dígí gbọọrọ mọ́ iwájú,
ó fi tìmùtìmù sórí ìjókòó
kí ojú bàbá lè ga ju sítíárì lọ.
"Ṣé mo ti kúrú ni?"
Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Òun fúnra rẹ̀ ló kọ àdéhùn sẹ́yìn kàlẹ́ńdà mọ́ṣáláṣí:
Kò sí alẹ́. Kò sí òjò. Kò sí ọjọ́ ọjà.
Ó kọ ìkẹrin, ó pa á rẹ́,
ó mu omi, ó tún un kọ:
Ọjọ́ tí Àwẹ̀ró bá ní ó tó, ó tó.
Ibẹ̀ ni bírò ti gbọ̀n.

Alàmísì dé. Kùrukùru ṣì wà lórí ọ̀sà,
èéfín ẹja yíyan ń gba fèrèsé wọlé.
À ń rìn jẹ́jẹ́, ọ̀kadà ń fọn fèrè sí wa,
ọ̀kan yọ orí síta, ó ní, "Bàbá, ẹ kánjú o!"
Bàbá mi gbé ọwọ́ sókè, ó kí i.
"Máa lọ, ọmọ mi.
Àwọn tí mò ń lọ kí, wọn kì í kánjú."

Nígbà tí a ń bọ̀, ó dúró níwájú ilé Alhaja Ràbíátù,
ó pa ẹ́ńjìnnì, ó ṣí búùtù.
Agolo ọ̀dà funfun kan ló gbé jáde,
àti búrọ́ọ̀ṣì méjì.